Mímọ̀ lójú àlá pé àlá ni: ìbéèrè àwọn ará Ìbàdàn àti ìdáhùn wọn

Láti ìgbà tí àwọn èèyàn ti gbọ́ pé mo máa ń mọ̀ lójú àlá pé àlá ni mò ń lá, ìbéèrè kò dá lọ́dọ̀ mi mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgbówó ń béèrè, àwọn ìyá ọlọ́jà ń béèrè, àwọn àgbààgbà ládùúgbò náà ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tọ́rọ̀ wọn ń ká mi lára jù ni àwọn tó ń bẹ̀rù àtisùn. Tìtorí wọn ni mo ṣe kó ìbéèrè wọ̀nyí jọ.

Kí ni mímọ̀ lójú àlá gan-an?

Èèyàn sùn, ó ń lá àlá, ó sì mọ̀ nínú àlá náà pé àlá ni. Kò jí o. Ara rẹ̀ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì, àmọ́ òye ti padà sí i. Nígbà mìíràn kò ju pé ó mọ̀ lọ: àlá ń lọ bó ṣe ń lọ, òun náà ń wò ó. Nígbà mìíràn ó lè yan ọ̀nà tó máa gbà, ó lè bá ẹni tó bá pàdé sọ̀rọ̀, ó lè fò.

Àlá tó mọ́lẹ̀ kedere yàtọ̀ sí èyí. Irú àlá bẹ́ẹ̀ ni pé àwọ̀, ìró àti òórùn inú rẹ̀ dà bí ojúlówó tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á jí, tí á ṣì máa wá owó tó kà lójú oorun lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó lá a lè má mọ̀ rárá pé àlá ni títí tó fi máa lajú. Bó ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa nìyẹn.

Kì í sì í ṣe àwọn abàmì èèyàn nìkan ló ń mọ̀ lójú àlá. Ní 2016, àwọn olùwádìí kan kó àbájáde ìwádìí nǹkan bí 50 ọdún jọ. Wọ́n rí i pé nǹkan bí èèyàn 55 nínú 100 ló ti ní irú rẹ̀ rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn, tí nǹkan bí 23 nínú 100 sì ń ní in lẹ́ẹ̀kan lóṣù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn lásán?

Nígbà tí a bá ń lá àlá tó lágbára, ọpọlọ máa ń de iṣan ara mọ́lẹ̀ kí a má baà dìde ṣe ohun tí a ń rí. Apá kò ní lè gbé, ẹsẹ̀ kò ní lè tapá. Ojú kò sí lábẹ́ ìdè yẹn, bẹ́ẹ̀ ni iṣan tó ń fa èémí. Ní 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ẹyinjú máa ń sáré káàkiri lábẹ́ ìpéǹpéjú ní àwọn àkókò kan nínú oorun, àti pé bí a bá jí èèyàn lásìkò yẹn, àlá ló sábà máa ń rọ́.

Ojú tí kò sí lábẹ́ ìdè yìí ni Keith Hearne lò ní Yunifásítì Hull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1975. Ó bá Alan Worsley ṣe àdéhùn pé bó bá ti mọ̀ lójú àlá pé àlá ni, kó yí ojú sósì, kó yí i sọ́tùn-ún, ní ọ̀nà tí wọ́n jọ fi ẹnu kò sí. Ẹ̀rọ gba àmì náà sílẹ̀ nígbà tí ara Worsley ṣì wà nínú oorun. Stephen LaBerge ní Yunifásítì Stanford náà ṣe irú ẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Èyí tó wú mi lórí jù jáde ní 2021. Ibùdó ìwádìí mẹ́rin, ní Amẹ́ríkà, Faransé, Jámánì àti Netherlands, bi àwọn tó ń lá àlá ní ìbéèrè, wọ́n sì gba èsì. Wọ́n bi ẹnì kan tó ń sùn pé bí a bá yọ mẹ́fà kúrò nínú mẹ́jọ, èló ló kù? Ó yí ojú rẹ̀ sósì, sọ́tùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ro ìyẹn. Wọ́n bá ẹni tó wà lójú àlá sọ̀rọ̀, ó sì dá wọn lóhùn láìjí.

Kí ló dé tí àlá ìdájí fi máa ń lágbára ju ti ọ̀gànjọ́ òru lọ?

Oorun ń lọ ní ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Ẹni tó bá sùn dáadáa máa la mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá lóru kan. Oorun àsùnwọra ló pọ̀ nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Àkókò àlá inú wọn kì í gùn. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń súnmọ́ àtimọ́, bẹ́ẹ̀ ni àkókò àlá ń gùn sí i.

Ìdí nìyẹn tí ìròyìn àlá fi máa ń pọ̀ létí mi lásìkò ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Èèyàn á jí sààrì, á jẹun, á kírun àsùbáà, á tún padà sùn. Kò mọ̀ pé inú àkókò àlá tó gùn jù lọ lòun padà sí yẹn, ó sì ti lajú fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́, tí òye rẹ̀ ṣì wà nítòsí. Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn tó bá ti ìṣọ́ òru dé, tí wọ́n wá fi oorun àárọ̀ Sátidé san gbèsè oorun.

Ti iná mànàmáná náà wà níbẹ̀. Wọ́n mú iná lọ ní aago mẹ́rin, fáànù dúró, ooru jí ẹ, àlá ṣì wà lójú rẹ. Àlá tí a bá jí sí àárín rẹ̀ la máa ń rántí jù. Ẹni tó ń sọ pé òun kì í lá àlá ń lá a. Oorun rẹ̀ ni kì í já.

Àlá mi ṣàdédé le láìpẹ́ yìí. Kí ló lè fà á?

Ẹ kọ́kọ́ wo oògùn tí ẹ ń lò. Mefloquine tí wọ́n fi ń dènà ibà máa ń mú àlá líle wá, kódà ó lè da ọkàn rú fún àwọn kan. Efavirenz, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní kòkòrò HIV lò fún ọdún púpọ̀, lókìkí fún un. Dolutegravir tó rọ́pò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Propranolol tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú wọn, àti àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí àlá dá oògùn dúró fúnra yín, pàápàá oògùn HIV. Ẹ lọ sọ ọ́ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín. Nígbà mìíràn, yíyí àkókò tí ẹ ń lò ó padà ti tó. Ẹni tó ń lo efavirenz, bí àpẹẹrẹ, kò yẹ kó fi oúnjẹ ọlọ́ràá lé e, torí ọ̀rá máa ń jẹ́ kó pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀.

Ibà tó ń mú ara gbóná máa ń ṣe é. Oyún náà ń ṣe é, torí aboyún máa ń jí léraléra lóru. Ọtí máa ń tẹ àlá mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, nígbà tó bá ń kúrò lára, àlá á ya wọlé ní ìdájí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú ọtí tàbí igbó lè rí àlá tó le fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àti ìbànújẹ́, àti ìdààmú owó. Ìwọ̀nyẹn kò nílò àlàyé.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé àlá ni mo wà?

Ìwé kíkà ló ṣeé gbára lé jù fún èmi. Lójú àlá, ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kì í sábà dúró lójú kan. Ẹ kà á, ẹ gbójú kúrò, ẹ tún un kà: á ti yí padà.

Bó ṣe rí fún mi lọ́jọ́ kan nìyí. Mo wà ní Dùgbẹ̀, oòrùn mú, mò ń dúró de máíkírà tó ń lọ sí Mọ́kọ́lá. Mo gbójú sókè wo Cocoa House. Wọ́n gbé pátákó ńlá kan kọ́ ara ilé náà, wọ́n kọ ọ́ sí i pé WỌ́N Ń TA ILẸ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo tún wo òkè. Ó ti di WỌ́N Ń TA ILÉ ÌYÁ. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́tà kan kò sí níbẹ̀ mọ́, àmì ohùn lásán ni, wọ́n ń rìn bíi kòkòrò. Mo bá sọ sókè pé, “Háà, àlá ni.” Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ sí i: mo rí ìpáàrà ara páànù àwọn ilé tó wà lápá Òkè Pádì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbọ́ òórùn epo ọkọ̀.

Ọ̀nà mìíràn: ẹ fi ìka di imú, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ gbìyànjú láti mí. Bí èémí bá wọlé láìsí wàhálà, àlá ni. Ẹ máa dán ìwọ̀nyí wò lójú mọ́mọ́ kí ó baà di bárakú tó máa tẹ̀ lé yín wọnú oorun. Ẹ má kàn ṣe é bí ẹni ń ṣe eré. Ẹ dúró, ẹ bi ara yín ní tòótọ́: ibo ni mo ti ń bọ̀? Báwo ni mo ṣe dé ibí? Lójú àlá, èèyàn kì í sábà rí ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yẹn.

Ṣé ó ṣeé kọ́?

Ó ṣeé kọ́, àmọ́ ó ń gba sùúrù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí rírántí àlá. Bí ẹ bá jí, ẹ má yíra padà, ẹ má fọwọ́ kan fóònù fún WhatsApp. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ kí ẹ fa àlá náà padà láti ẹ̀yìn wá síwájú, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ ọ́. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé kíkọ lè sọ ọ́ sínú fóònù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹ máa rí ohun tó ń padà wá: ilé-ìwé tí ẹ ti jáde tipẹ́, ilé bàbá àgbà tí wọ́n ti wó, ìdánwò tí ẹ kò múra fún. Ìwọ̀nyẹn ni àmì tiyín.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tí LaBerge ń kọ́ èèyàn. Ẹ jí lẹ́yìn bí wákàtí márùn-ún oorun, ẹ rántí àlá tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lá, ẹ fojú inú wo ara yín nínú rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé àlá ni, kí ẹ máa sọ lọ́kàn pé: “Bí mo bá tún lá àlá, màá rántí pé àlá ni.” Ẹ bá a sùn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń jí sààrì ti ní ìdajì iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni máa ṣe é lálaalẹ́. Ẹni tó máa wa ọkọ̀ láti Mọ́níyà ní ìdájí nílò oorun rẹ̀ ju bó ṣe nílò àlá lọ.

Mo mọ̀ pé àlá ni, àmọ́ mo jí kíá.

Ayọ̀ ló jí yín. Bí ẹ bá tún mọ̀ pé àlá ni, ẹ fọwọ́ ra ọwọ́ nínú àlá náà, ẹ fọwọ́ kan ògiri tàbí ilẹ̀, ẹ wo nǹkan tó wà nítòsí. Ẹ má tíì gbìyànjú àtifò.

Àlá burúkú kan ń padà wá bá mi. Ṣé mímọ̀ lójú àlá lè ràn mí lọ́wọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìdí nìyí tí mo fi ka ọ̀rọ̀ yìí sí pàtàkì. Ẹni tó bá mọ̀ pé àlá ni lè dúró dípò kó sá. Ó lè yíjú padà sí ohun tó ń lé e, kó bi í pé, “Kí lo fẹ́?” Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun náà á kéré, tàbí kó yí padà, tàbí kó má rí nǹkan sọ.

Ẹni tí kò bá tíì lè mọ̀ lójú àlá náà kò pàdánù. Ọ̀nà kan wà tí àwọn dókítà ń lò fún àwọn tí àlá burúkú ń dà láàmú, títí kan àwọn tí ìjàǹbá tàbí ìwà ipá ṣẹlẹ̀ sí. Lójú mọ́mọ́ ni wọ́n ń ṣe é: ẹ kọ àlá náà sílẹ̀, ẹ yí i padà sí bó ṣe wù yín, kí ẹ máa fojú inú wo ti tuntun yẹn fún ìṣẹ́jú 10 sí 20 lójoojúmọ́.

Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági sọ fún mi pé egúngún kan máa ń lé òun láti Bẹẹrẹ gun Òkè Màpó, ẹsẹ̀ òun á wúwo, òun á pariwo, ohùn kò ní jáde. Mo ní, “Ìyá, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó parí?” Wọ́n ronú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí egúngún náà dúró, kó na ọwọ́, kí àwọn fún un lówó, kó súre fún àwọn. A jọ tò ó: iye owó tí wọ́n máa fún un, àwọ̀ agọ̀ rẹ̀, ohùn tó máa fi súre. Wọ́n ń wò ó lọ́kàn ní ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà tó dé. Àlá náà ti ń jìnnà síra. Èyí tí wọ́n lá gbẹ̀yìn, egúngún náà kàn jókòó sẹ́bàá ọ̀nà ni.

Mo jí, mi ò lè mira, nǹkan kan jókòó lé mi láyà. Ṣé ogun òru nìyẹn?

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rántí ìdè tí ọpọlọ fi de iṣan ara lásìkò àlá. Nígbà mìíràn òye á jí kí ìdè náà tó tú. Ojú ti là, ẹ ń rí yàrá yín, ẹ kò sì lè gbé ìka. Iṣan tó ń fa èémí ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àwọn iṣan àyà tó máa ń bá a ṣe èémí kíkún wà nínú ìdè yẹn, ìdí tó fi ń ṣe bíi pé nǹkan tẹ àyà mọ́lẹ̀. Àlá kò sì tíì tán pátápátá: ìyókù rẹ̀ ló ń dà sínú yàrá bí òjìji ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, bí ìṣísẹ̀, bí ẹni ń pe orúkọ yín. Jákèjádò ayé ló ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn oníṣègùn ọpọlọ wa kò gbójú fò ó. Ní 2007, Aina àti Famuyiwa kọ̀wé lórí ogun òru láàárín àwa Yorùbá. Wọ́n ṣàlàyé pé obìnrin ló ń ṣe jù, pé àwọn èèyàn máa ń so ó mọ́ ọkọ òru àti jíjẹun lójú àlá, wọ́n sì wò ó mọ́ àwọn àìsàn oorun tí ìṣègùn mọ̀.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bá ara yín jà. Èémí yín ń lọ, ẹ kò ní kú. Ẹ máa mí jẹ́jẹ́, kí ẹ gbìyànjú láti mi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ nìkan. Á tú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó máa ń ṣe àwọn tó ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn jù, àti àwọn tí oorun wọn kò tó tàbí tí kò ní àkókò kan pàtó. Nítorí náà, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà. Àdúrà ń fi ọkàn balẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ sì dára fún oorun.

Mo jẹun lójú àlá. Ṣé wọ́n ti fún mi ní májèlé?

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Mo mọ ẹni tó ná owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ sórí ìwẹ̀nùmọ́ nítorí ìrẹsì tó jẹ lójú oorun. Ohun tí a jẹ lójú àlá kò dénú ikùn. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ ń jẹun lójú àlá, ẹni tí ebi ń pa ń jẹun lójú àlá, ẹni tó lọ sí òde ìnáwó lánàá náà ń jẹ ẹ́. Ara tó ń dun èèyàn lẹ́yìn náà lè jẹ́ ibà tàbí ọgbẹ́ inú tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ẹ̀rù sì lè mú inú run fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú. Gbogbo wa la ti kọ́ láti kékeré pé kí a ta gìrì bí a bá rí oúnjẹ lójú àlá. Ẹ lo ìtagìrì yẹn. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ bu òkèlè àkọ́kọ́ lójú mọ́mọ́, ẹ bi ara yín pé: ṣé àlá kọ́ nìyí? Láìpẹ́ ẹ máa béèrè lójú àlá, ẹ máa mọ̀, ẹ sì lè gbé àwo náà padà fún ẹni tó gbé e wá bí kò bá wù yín.

Mo rí ìyá mi tó ti kú. Ṣé kí n bá wọn sọ̀rọ̀?

Bó bá wù yín. Èmi ti ṣe é. Mi ò lè bá yín dájọ́ bóyá àwọn ni wọ́n wá tàbí ọkàn yín ló gbé wọn wá, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó kábàámọ̀ pé òun kúnlẹ̀ kí ìyá òun. Ẹ sọ ohun tí ẹ kò rí àyè sọ. Bí ó bá jẹ́ pé àlá náà ló ń mú kí ẹ má lè dìde lówùúrọ̀, ẹ wá ẹni bá sọ̀rọ̀.

Kí ni ẹ̀sìn sọ sí i?

Àlá Jósẹ́fù, tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Yúsúfù, wà nínú Bíbélì àti nínú Àlùkùránì. Síbẹ̀ Ìwé Oníwàásù sọ pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń bí àlá, hádíìsì sì pín àlá sí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ni èyí tó ti inú ọkàn èèyàn fúnra rẹ̀ wá. Hádíìsì náà ní kí ẹni tó bá lá àlá tó bà á lẹ́rù wá ààbò Ọlọ́hun, kó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó má sì rọ́ ọ fún èèyàn. Mi ò rí ibi tí èyí ti ta ko ohun tí mò ń sọ.

Ta ni kò yẹ kó gbìyànjú rẹ̀, ìgbà wo ló sì yẹ kí èèyàn lọ rí dókítà?

Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú rí, tó ń gbọ́ ohùn tàbí tó ń rí ohun tí kò sí, kó má gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó nílò ni kí ojúlówó àti àlá jìnnà síra. Ẹni tí kì í rí oorun sùn náà, kó kọ́kọ́ wá oorun.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn bí oorun bá ń gbé yín lọ lójú ọ̀sán láìròtẹ́lẹ̀, tí ogun òru sì ń wáyé léraléra. Bí ẹ bá ń gbọ̀n lójú oorun, tí ẹ ń gé ahọ́n jẹ tàbí tí ẹ ń tọ̀ sára, ó lè jẹ́ wárápá. Bí ẹ bá ń hanrun gan-an, tí èémí sì ń dúró lóru, ẹ sọ ọ́. Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn bàbá tó ti lé ní 50 ọdún gbọ́ ni pé bí ẹ bá ń lu ìyàwó yín tàbí tí ẹ ń ta ìpá lójú àlá, tí ẹ ń ja ìjà tí ẹ ń lá gan-an, ìdè iṣan yẹn ti ń tú nìyẹn. Ó lè jẹ́ àmì tó ń ṣáájú àrùn Parkinson pẹ̀lú ọdún púpọ̀, kò sì yẹ kí ẹ fi pamọ́.

Ní Ìbàdàn níbí, ilé ìwòsàn UCH ní àwọn dókítà ọpọlọ àti iṣan, wọ́n ní àwọn tó ń tọ́jú ìdààmú ọkàn pẹ̀lú. Ẹ gba ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà àdúgbò yín, ẹ mú àkọsílẹ̀ àlá yín àti àwọn oògùn tí ẹ ń lò dání. Kí ẹ sì mú ẹni tí ẹ jọ ń sùn lọ, torí òun ló máa lè sọ ohun tí ẹ ń ṣe lóru.